Ìyá Ehoro àti Àwọn Ọmọ Rẹ̀



Ẹsẹ̀ Ìwé Mímọ́ tí mo fẹ́ kí a jùmọ̀ gbé yẹ̀wò nínú oṣù yìí wà nínú Ìwé Òwe, orí kejìlá, ẹsẹ̀ kẹwàá. Kí ẹni tí ó ní Bíbélì jọ̀wọ́ ṣí i, kí ó sì kà á sí etígbọ̀ọ́ àwọn tí kò mọ̀wé nínú ilé rẹ̀. Apá méjì ni ẹsẹ̀ náà ní. Apá kìn-ín-ní sọ̀rọ̀ nípa olódodo àti ẹran ọ̀sìn rẹ̀. Apá kejì sọ̀rọ̀ nípa ènìyàn búburú, ó sì sọ ohun kan tí ó le láti gbọ́: pé ohun tí irú ẹni bẹ́ẹ̀ ń pè ní àánú pàápàá, ìwà ìkà ni. Ọ̀pọ̀ nínú wa ni ó fẹ́ràn apá kìn-ín-ní, a sì máa ń sáré kọjá lórí èkejì. Ní èdè Hébérù tí a fi kọ ìwé náà ní ìpilẹ̀ṣẹ̀, a kò sọ pé olódodo ń ṣàánú ẹran rẹ̀. Ohun tí a sọ ni pé ó mọ ẹ̀mí rẹ̀. Ó mọ ohun tí ẹran náà ń fẹ́, ó mọ ohun tí ó ń dẹ́rù bà á, ó mọ ìgbà tí ó yẹ kí a súnmọ́ ọn àti ìgbà tí ó yẹ kí a fi í sílẹ̀. Ìmọ̀ ni ó ṣáájú. Bí àánú bá jáde láìsí ìmọ̀, ó lè pa ẹni tí a ń ṣàánú fún, kí ẹni tí ó pa á sì máa yangàn pé rere ni òun ṣe.

Ehoro tí a ń sìn nínú ilé ni mo fẹ́ fi ṣàlàyé ọ̀rọ̀ yìí. Mo mọ̀ pé àwọn kan yóò rẹ́rìn-ín, wọn yóò sì béèrè pé, kí ni ó pa àga ìwàásù pọ̀ mọ́ ehoro? Ẹ dákun, ẹ fara balẹ̀. Nígbà tí Ọlọ́run bá Jónà wòlíì wí nípa Nínéfè, kì í ṣe kìkì ènìyàn inú ìlú náà ni ó kà. Ó ka ohun ọ̀sìn wọn pẹ̀lú, lórí wọn ni ìwé náà sì parí sí. Òfin Mósè náà kò gbàgbé ìyá àti ọmọ láàrin àwọn ẹ̀dá tí kò lè sọ̀rọ̀. Ẹni tí ó bá bá ìtẹ́ ẹyẹ pàdé lọ́nà kò gbọdọ̀ kó ìyá pọ̀ mọ́ ọmọ, gẹ́gẹ́ bí a ti kà á nínú Deuterónómì 22. Nínú Léfítíkù 22 ẹ̀wẹ̀, ọmọ màlúù tàbí ọmọ àgùntàn gbọ́dọ̀ wà lọ́dọ̀ ìyá rẹ̀ fún ọjọ́ méje kí a tó lè fi í rúbọ, a kò sì gbọdọ̀ pa ìyá àti ọmọ ní ọjọ́ kan náà. Bí Olódùmarè kò bá ka irú nǹkan wọ̀nyí sí ohun yẹpẹrẹ, ta ni àwa tí a ó fi kà á sí bẹ́ẹ̀?

Ní agbègbè wa yìí, láti Ọ̀fàdà títí dé Mowe àti Ibafo, ìgbà ti yí padà lójú wa. Ní ọ̀pọ̀ ibi tí àwọn bàbá wa ti ń gbin ìrẹsì, ilé ni ó ń hù níbẹ̀ nísinsìnyí, nítorí pé àwọn ará Èkó ń wá ilẹ̀ kiri ní ẹ̀bá ọ̀nà márosẹ̀ Èkó sí Ìbàdàn, tí a ṣí ní ọdún 1978. Ewúrẹ́ tí ó ń rìn kiri a máa dá ìjà sílẹ̀ láàrin aládùúgbò. Ehoro ní tirẹ̀ kò béèrè ju àgò onípákó kan lọ ní ẹ̀yìnkùlé. Àwọn kan ń sìn ín fún ẹran jíjẹ àti fún títà, èmi kò sì dá wọn lẹ́bi. Àwọn mìíràn rà á fún ọmọ wọn gẹ́gẹ́ bí alábàárìn, nítorí pé kì í gbó, kì í kàn, ara rẹ̀ sì rọ̀ bí òwú. Ilé tí ó rà á fún ọmọdé ni mo ń bá wí jù lọ, nítorí níbẹ̀ ni ìfẹ́ ti pọ̀ tí ìmọ̀ sì ti kéré.

Orúkọ tí a ń pè é ti kọ́kọ́ ṣi ọ̀pọ̀ ènìyàn lọ́nà. Ehoro tí àwọn ọdẹ wa ń pa nínú ọ̀dàn àti ehoro inú àgò kì í ṣe ẹ̀yà kan náà, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé orúkọ kan ni a fún àwọn méjèèjì. Ti ọ̀dàn jẹ́ ọmọ ilẹ̀ wa. Ilẹ̀ Spéìnì àti Pọ́túgà ni ti inú àgò ti ṣẹ̀ wá, láti òkè òkun ni a sì ti kó o dé ọ̀dọ̀ wa. Irun wà lára ọmọ ehoro ọ̀dàn ní ọjọ́ tí a bí i, ojú rẹ̀ là, kò sì pẹ́ tí ó fi lè sáré. Ọmọ ehoro inú àgò ń wá sí ayé ní ìhòòhò, pẹ̀lú ojú dídì àti etí dídì, pupa bí ọmọ èkúté, kò sì lè mú ara rẹ̀ gbóná. Bí bàbá ọdẹ kan bá wá fi ohun tí ó mọ̀ nínú oko gba ọmọ-ọmọ rẹ̀ ní ìmọ̀ràn lórí ehoro inú ilé, òótọ́ ni yóò máa sọ, síbẹ̀ yóò ṣi ọmọ náà lọ́nà. Bí ẹnìkan bá sì fẹ́ rán mi létí pé Léfítíkù 11 ka ehoro mọ́ ẹran àìmọ́, èmi yóò rán òun náà létí ìran tí Pétérù rí ní Jópà, nínú Ìṣe Àwọn Àpósítélì 10. Ọ̀rọ̀ náà ti parí níbẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí a wá sórí ìyá ehoro fúnra rẹ̀. Ọjọ́ 31 ni oyún rẹ̀, ó lè dín kan tàbí kí ó lé kan. Kí ẹni tí ó bá mú un lọ sí àgò akọ (a kì í mú akọ wá sí àgò abo, nítorí abo a máa bá a jà) kọ ọjọ́ náà sí ara pákó, kí ó má gbàgbé. Nígbà tí ó bá pé ọjọ́ 28, kí a gbé àpótí kan sínú àgò rẹ̀, tí gígùn rẹ̀ tó ẹsẹ̀ bàtà kan àti ààbọ̀, tí ìbú rẹ̀ tó ẹsẹ̀ bàtà kan, kí a sì fi koríko gbígbẹ sínú rẹ̀. Àwa ará Ọ̀fàdà kò ní àwáwí lórí èyí, nítorí koríko ìrẹsì tí a ń dáná sun lẹ́yìn ìkórè tó láti fi tẹ́ ibùsùn fún gbogbo ehoro tí ó wà ní ìpínlẹ̀ Ògùn.

Bí àkókò bá kù sí dẹ̀dẹ̀, ìyá náà yóò máa fi ẹnu kó koríko káàkiri, yóò sì bẹ̀rẹ̀ sí í fa irun àyà àti irun ikùn ara rẹ̀ tu. Àwọn kan rí i, wọ́n rò pé èèyi ni, wọ́n sì fi òróró àti ìmí ọjọ́ pa á lára. Èèyi kọ́. Aṣọ ọrùn rẹ̀ ni ó ń bọ́ sílẹ̀ fún àwọn tí kò tíì rí. Mélòó nínú wa tí a ń ka ìwé ìròyìn yìí ni kì bá tí mọ̀wé kà, bí kò ṣe pé ìyá wa ta aṣọ òkè rẹ̀ láti fi san owó ilé-ìwé? Fífa irun náà ṣe iṣẹ́ kejì pẹ̀lú: ó mú kí orí ọmú hàn gbangba, kí àwọn afọ́jú kéékèèké wọ̀nyí lè rí i mú.

Lóru tàbí ní àfẹ̀mọ́júmọ́ ni ó sábà máa ń bímọ, kì í sì í pẹ́. Ní òwúrọ̀, nígbà tí ìyá bá ń jẹun, kí ẹnìkan ṣoṣo tí ìyá náà mọ̀ fi ọwọ́ mímọ́ yẹ ibùsùn náà wò, kí ó ka àwọn ọmọ, kí ó yọ òkú kúrò bí ó bá wà, kí ó sì tún irun bò wọ́n. Lẹ́yìn èyí, ẹ̀ẹ̀kan lóòjọ́ tó. Kì í ṣe ìsọmọlórúkọ tí a ń pe gbogbo àdúgbò sí.

Ní ìdílé kan nínú ìjọ wa, tí èmi kì yóò dárúkọ rẹ̀, ọmọbìnrin kékeré kan ní abo ehoro funfun kan. Ó bí ọmọ méje. Ìyá àgbà ilé náà, obìnrin tí ó ti fi ẹ̀yìn pọn ọmọ àti ọmọ-ọmọ, gbé àpótí ìjókòó síwájú àgò náà láti òwúrọ̀ títí di ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kejì. Kò rí i kí ìyá ehoro wọ inú àpótí lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Ó ń jẹ koríko, ó ń la ẹsẹ̀ rẹ̀, ó ń sùn. Ìyá àgbà náà bá wí pé, “Ọ̀dájú abiyamọ lèyí. Ó ti kọ wọ́n sílẹ̀.” Ó ní kí wọ́n po mílíìkì inú agolo mọ́ omi lílọ́wọ́ọ́wọ́, ó sì ń fi òwú kán an sí àwọn ọmọ náà lẹ́nu. Inú rere ni ó fi ṣe é. Èmi tí mo mọ̀ ọ́n lè jẹ́rìí. Kí ilẹ̀ tó ṣú, méjì ti kú, nítorí pé mílíìkì náà ti gba ọ̀nà èémí wọ inú ẹ̀dọ̀fóró wọn. Ọmọbìnrin náà sáré wá sí ilé àlùfáà pẹ̀lú omijé lójú.

“Ẹ gbà mí, Bàbá, ehoro mi ń kú.”

“Pẹ̀lẹ́, ọmọ mi. Àwọn tí ó kù ńkọ́? Báwo ni ikùn wọn ti rí?”

“Ó yọ, Bàbá. Ó rí róbótó.”

“Ṣé ó ti rí róbótó bẹ́ẹ̀ ní òwúrọ̀, kí Ìyá àgbà tó fún wọn ní mílíìkì?”

“Bẹ́ẹ̀ ni, Bàbá. Èmi ni mo kà wọ́n.”

Ikùn tí ó rí róbótó ní òwúrọ̀ ti jẹ́rìí pé wọ́n ti mu ọmú. Mo bá a lọ. A dá àwọn márùn-ún náà padà sínú irun ìyá wọn, a fi aṣọ bo iwájú àgò, mo sì bẹ gbogbo ilé pé kí wọ́n wọlé lọ sùn. Ní nǹkan bí agogo márùn-ún ìdájí, ọmọ náà yọjú láti ojú fèrèsé, ó sì rí ìyá ehoro tí ó dúró lórí àwọn ọmọ rẹ̀ nínú àpótí, tí wọ́n sì dojú sókè tí wọ́n ń mu. Àkókò náà kò gùn tó èyí tí a fi ń ka Ìjẹ́wọ́ Ìgbàgbọ́ nígbà méjì. Lẹ́yìn náà ó fò jáde, kò sì wo ẹ̀yìn mọ́ títí di ọjọ́ kejì. Nígbà tí a sọ èyí fún ìyá àgbà, ó dákẹ́ títí, ó sì wí pé, “Ta ni ì bá mọ̀ pé ìyá lè fẹ́ràn ọmọ kí ó sì máa jìnnà sí i?”

Mo ti ń ro ọ̀rọ̀ obìnrin yìí láti ìgbà náà wá. Ẹ gbọ́ ìdí rẹ̀. Ehoro kì í ṣe adìẹ tí í sàba, kì í sì í ṣe ajá tí í dùbúlẹ̀ ti àwọn ọmọ rẹ̀. Inú ihò ilẹ̀ ni baba ńlá rẹ̀ ti ń bímọ, ọ̀tá rẹ̀ sì pọ̀. Bí ó bá jókòó ti àwọn ọmọ, òórùn ara rẹ̀ ni yóò fa ọ̀tá wá bá wọn. Nítorí náà ó ń wọlé lẹ́ẹ̀kan láàrin wákàtí 24, bóyá ẹ̀ẹ̀mejì nígbà mìíràn, fún ìṣẹ́jú mẹ́ta sí márùn-ún, ó sì ń jáde kíákíá. Ọmú rẹ̀ ki ju ti màlúù lọ ní ìlọ́po-ìlọ́po, ní ọ̀rá àti ní ohun tí ń mú ara dàgbà, èyí sì ni ó mú kí ẹ̀ẹ̀kan náà tó. Jíjìnnà rẹ̀ ni odi tí ó mọ yí wọn ká. Ẹni tí kò bá mọ èyí yóò ka ìtọ́jú rẹ̀ sí ìkọ̀sílẹ̀.

Ẹ̀yin ará, ó ti pẹ́ tí ìwé Wòlíì Àìsáyà ti fi ìyá tí ń fún ọmọ lọ́mú ṣe àkàwé Ọlọ́run, ní orí 49. Síónì ń sunkún pé a ti gbàgbé òun. Kì í ṣe ìgbà gbogbo ni a ń rí Olúwa ní ìdí àpótí wa. Àwọn kan nínú wa ti jókòó láti òwúrọ̀ di alẹ́ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibùsùn aláìsàn, tí wọ́n ń ṣọ́nà, tí wọn kò rí ẹni tí ó wọlé. Èmi kì yóò fi ọ̀rọ̀ dídùn bo ìrora wọn. Ohun tí mo lè béèrè kò ju èyí tí mo béèrè lọ́wọ́ ọmọ náà lọ: báwo ni ikùn yín ti rí ní òwúrọ̀? Ṣé kò sí oúnjẹ kan tí ó dé ọ̀dọ̀ yín lóru tí ẹ kò mọ ẹni tí ó gbé e wá?

Ọ̀rọ̀ náà kò tíì tán. Ó kan àwọn ìyá tí ó wà láàrin wa. Ọ̀pọ̀ obìnrin ni ó ń gbé ní Ọ̀fàdà, Mowe àti Ibafo tí iṣẹ́ tàbí ọjà wọn wà ní Èkó. Agogo mẹ́rin ìdájí ti ń bá wọn lójú ọ̀nà. Bí sún-kẹrẹ fà-kẹrẹ ọkọ̀ bá sì mú wọn ní alẹ́, àwọn ọmọ yóò ti sùn kí wọ́n tó dé. Àwa tí a wà nílé ni a wá ń wí pé, “Lágbájá kò mọ̀ bí ọmọ rẹ̀ ti ń dàgbà. Owó ni ó fẹ́, kò fẹ́ ọmọ.” Mo ti gbọ́ ọ lẹ́nu àwọn ará ìjọ, àní lẹ́nu àwọn tí ń wọ aṣọ funfun nínú ẹgbẹ́ akọrin. Ǹjẹ́ ẹ ti wo ikùn àwọn ọmọ náà? Ta ni ó se oúnjẹ tí wọ́n gbé lọ sí ilé-ìwé? Ta ni ó fọ aṣọ wọn ní agogo mọ́kànlá òru? Obìnrin tí ó fi gbogbo ọ̀sán jìnnà kí ilé má ba à wó, ẹ má ṣe fi í wé ẹni tí ó sá kúrò nílé.

Ṣùgbọ́n nígbà mìíràn ikùn ọmọ ehoro a máa hun jọ, awọ ara rẹ̀ a sì rọ̀ bí aṣọ gbígbó. Nígbà náà ni a mọ̀ pé kò rí ọmú mu ní tòótọ́; bóyá ìyá ń ṣàìsàn, bóyá ọmú kò sọ̀. Ẹni tí ó ní ìmọ̀ yóò rọra gbé ìyá náà dúró lórí àwọn ọmọ kí wọ́n lè mu, tàbí kí ó kó wọn lọ sọ́dọ̀ abo mìíràn tí ó bímọ ní ọjọ́ tí kò jìnnà sí tirẹ̀. Ehoro kì í sábà kọ ọmọ ọlọ́mọ, bí a bá ti fi irun ibùsùn tirẹ̀ bo àlejò náà. Ẹgbẹ́ Àwọn Ìyá nínú ìjọ lè rí iṣẹ́ níbẹ̀. Ọmọ tí ìyá rẹ̀ kò tíì dé láti Èkó lè jẹun alẹ́ nílé ẹni tí ó ti ń sọ̀rọ̀ ìyá rẹ̀ lẹ́yìn.

Ohun kan wà tí ìyá ehoro kò lè ṣe, ó sì yẹ kí onílé mọ̀ ọ́n. Bí ọmọ kan bá di mọ́ orí ọmú, tí ó sì bá ìyá jáde sí orí wáyà àgò, ìyá náà kì yóò fi ẹnu gbé e padà bí ológbò ti ń ṣe. Kò mọ bí a ti ń ṣe é. Ọmọ náà yóò tutù níbẹ̀ títí yóò fi kú, àwọn ẹ̀gbọ́n àti àbúrò rẹ̀ yóò sì wà nínú ooru ní ìwọ̀n ẹsẹ̀ bàtà kan sí i. Bí ẹ bá rí irú ọmọ bẹ́ẹ̀ tí ó tutù tí kò mira, ẹ má ṣe sáré sin ín. Ẹ gbé e sí àtẹ́lẹwọ́, ẹ fi sí àyà, ẹ mí èémí gbígbóná sí i. Ọ̀pọ̀ ìgbà ni ó ń jí. Nígbà tí ó bá gbóná tán, ẹ dá a padà sí àárín àwọn ìyókù. Gbogbo wa ni a mọ àkàwé àgùntàn kan tí ó sọnù nínú Lúùkù 15. Olùṣọ́-àgùntàn ni ó wá a lọ. Ìyá àgùntàn kọ́.

Ó tún ku ohun tí ó ṣókùnkùn jù. Nígbà mìíràn ìyá ehoro a máa pa ọmọ rẹ̀, a sì máa jẹ ẹ́. Mo mọ ohun tí wọ́n ń wí ní abúlé nígbà tí èyí bá ṣẹlẹ̀: wọn a ní àjẹ́ wà nídìí rẹ̀, ojú a sì bẹ̀rẹ̀ sí í wá arúgbó kan láàrin agbo ilé. Ẹ bẹ̀rù Ọlọ́run! Kí ẹ tó wo ojú arúgbó, ẹ wo agolo omi. Ìyá ehoro tí ń fún ọmọ lọ́mú lè mu omi tí ó súnmọ́ lítà kan ní ọjọ́ kan, àwa a sì bu ìwọ̀n ife kékeré kan fún un, kí oòrùn sì fà á gbẹ kí ó tó di ọ̀sán. Òùngbẹ ni àjẹ́ náà. Ẹ̀rù ni àjẹ́ náà: ajá tí ń gbó lábẹ́ àgò, àwọn ọmọdé tí ń gbá agolo, ọwọ́ àlejò tí ń wọ inú àpótí. Bí ó bá sì jẹ́ pé ìbí rẹ̀ àkọ́kọ́ ni, àìmọ̀ tirẹ̀ náà wà níbẹ̀. A ti fi irú ẹ̀sùn yìí ba ayé àwọn ìyá wa jẹ́ ju ohun tí a lè kà lọ, ìgbà púpọ̀ ni ó sì jẹ́ pé ohun tí a lè fi omi tútù kan wò sàn ni.

Ẹ fi ìyókù sọ́kàn, n kò ní fi gùn. Ìjàlọ lè pa gbogbo ọmọ inú àpótí ní òru kan. Kí a gbé ẹsẹ̀ àgò sínú agolo tí omi àti epo kẹrosíìnì wà nínú rẹ̀. Ehoro kì í làágùn, etí rẹ̀ ni ooru ń bá jáde, nítorí náà abẹ́ páànù nínú oòrùn oṣù Kejì àti Kẹta kì í ṣe ibi tí a ń gbé e sí. Abẹ́ igi máńgòrò dára, tàbí òrùlé koríko. Kí a fún un ní eèsún, yúnyun àti ewé ọ̀dùnkún, kí a kọ́kọ́ jẹ́ kí ìrì gbẹ lára wọn. Ewé ẹ̀gẹ́ tútù ní májèlé nínú, ẹ má ṣe dán an wò. Bí ẹ bá sì rí i tí ó tẹrí sí ìdí ara rẹ̀ tí ó ń jẹ ìgbẹ́ rírọ̀, ẹ má ṣe nà án, ẹ má ṣe sọ pé orí rẹ̀ dàrú. Bí Ẹlẹ́dàá ti ṣe é nìyẹn, kí ó lè jẹ oúnjẹ rẹ̀ lẹ́ẹ̀kejì kí ó sì rí agbára inú rẹ̀ gbà.

Kò yẹ kí ojú tì wá láti kọ́ nǹkan wọ̀nyí. William Cowper, tí orin rẹ̀ wà nínú Ìwé Orin Mímọ́ wa, ṣe àìsàn ìbànújẹ́ ọkàn fún ọ̀pọ̀ ọdún ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Ní ọdún 1774, aládùúgbò rẹ̀ ní ìlú Olney fún un ní ọmọ ehoro ọ̀dàn kan, nítorí pé àwọn ọmọ ilé náà mọ bí a ti ń fi í ṣeré ju bí a ti ń bọ́ ọ lọ, ó sì ti ń rù. Cowper sin mẹ́ta: Puss, Tiney àti Bess. Ó ṣe ilé fún wọn, ó ń kíyèsi ìwà olúkúlùkù, ó sì kọ̀wé nípa wọn ní ọdún 1784. Tiney kò gbà kí a fọwọ́ kan òun títí ó fi kú, Cowper sì fi í sílẹ̀ bẹ́ẹ̀. Puss ní tirẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ọmọ ọdún 12 kí ó tó kú. Wilberforce, tí gbogbo wa mọ orúkọ rẹ̀ nítorí òwò ẹrú tí ó bá jà, wà lára àwọn tí ó pàdé ní Lọ́ńdọ̀nù ní ọdún 1824 láti dá ẹgbẹ́ tí ń gbèjà ẹranko sílẹ̀. Àlùfáà ìjọ Áńgílíkà kan, Arthur Broome, ni akọ̀wé àkọ́kọ́ rẹ̀, ó sì wọ ẹ̀wọ̀n nítorí gbèsè ẹgbẹ́ náà.

Ní ọ̀dọ̀ wa pẹ̀lú, ìmọ̀ kò jìnnà. Abẹ́òkúta ni Yunifásítì Iṣẹ́ Àgbẹ̀ ti ìjọba àpapọ̀ wà láti ọdún 1988, a sì ń kọ́ni ní ọ̀sìn ẹran níbẹ̀. Ní ilẹ̀ Benin tí ó múlé gbè wá, ilé ìwádìí kan wà ní Yunifásítì Abomey-Calavi tí a ń pè ní CECURI, ehoro nìkan ni iṣẹ́ rẹ̀. Ní Gánà ní àwọn ọdún 1970, Newlove Mamattah darí iṣẹ́ ìjọba tí ó ń kọ́ àwọn ará ìlú láti sin ehoro ní ẹ̀yìnkùlé wọn. Àìmọ̀ lóró: ní ọdún 2020, àrùn kan tí ń mú ehoro ṣẹ̀jẹ̀ láti inú wọ ìpínlẹ̀ Kwara, ehoro tí ó ń jẹun lánàá a sì kú lónìí. Àrùn náà kì í ran ènìyàn, ṣùgbọ́n ọwọ́ ènìyàn, àgò àti koríko a máa gbé e kiri. Nítorí náà, kí ehoro tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ rà dá wà fún ọ̀sẹ̀ méjì kí ó tó dé ọ̀dọ̀ ìyá ọlọ́mọ.

Ní nǹkan bí ọjọ́ kẹwàá, ojú àwọn ọmọ yóò là. Ní ọ̀sẹ̀ kẹta wọn yóò máa fò jáde kúrò nínú àpótí, wọn yóò sì máa tọ́ koríko wò. Ìgbà yìí ni ojúkòkòrò máa ń wọlé, nítorí pé ẹwà wọn pọ̀ jù, oníbàárà a sì máa dúró lẹ́nu ọ̀nà. Ọmú ni wọ́n ṣì ń mu. Kí a má ṣe já wọn lẹ́nu ọmú kí ọ̀sẹ̀ mẹ́fà tó pé. Kí a má sì ṣe mú ìyá wọn padà sọ́dọ̀ akọ ní ọjọ́ tí ó bímọ, bí àwọn kan ti ń ṣe, nítorí pé wọ́n gbọ́ pé ó lè lóyún ní ọjọ́ náà gan-an. Ó lè lóyún lóòótọ́. Ẹni tí ó dá Ọjọ́ Ìsinmi sílẹ̀ fún màlúù àti kẹ́tẹ́kẹ́tẹ́ nínú Òfin Mẹ́wàá kò yọ abo ehoro sílẹ̀.

Ní Ìkórè tí ó ń bọ̀, ẹni tí ó bá fẹ́ mú ehoro wá sí ilé Ọlọ́run fún títà, kí ó má ṣe gbé e ní etí. Kí ó fi ọwọ́ kan gbá a mú lábẹ́ àyà, kí ó fi èkejì gbé ìdí rẹ̀, kí ó sì kó o wá nínú apẹ̀rẹ̀ tí koríko wà nínú rẹ̀, pẹ̀lú agolo omi. Kí ìyá tí ó ní ọmọ lábẹ́ má ṣe wà láàrin wọn. Àwọn wọ́dìn ìjọ ti gbọ́ èyí lẹ́nu mi, wọn yóò sì dá irú ẹ̀bùn bẹ́ẹ̀ padà sílé tayọ̀tayọ̀, títí ọ̀sẹ̀ mẹ́fà yóò fi pé.